Omi Ṣúgà ní Bódìjà

Ọjọ́ tí mo dé Ìbàdàn ni mo tó mọ̀ pé ènìyàn lè di àlejò nínú èdè ìyá rẹ̀. Kétu ni wọ́n bí mi sí, ní apá ibi tí Faransé gbà nígbà tí àwọn òyìnbó ń pín ilẹ̀ onílẹ̀, Yorùbá sì ni a ń sọ nílé wa láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Mo rò pé n ó kàn kí wọn ni, wọn ó sì dá mi lóhùn, ọ̀rọ̀ parí. Mo kí obìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Àgbowó. Ó gbọ́ gbogbo ohun tí mo sọ, ó fún mi ní búrẹ́dì, ó fún mi ní ṣéńjì, ó wá yíjú sí ẹnì kejì rẹ̀, ó ní, "Ará Kútọnu lèyí. Gbọ́ bó ṣe ń fi ọ̀rọ̀ kọrin."

Bí mo ṣe di Kútọnu nìyẹn. Mi ò gbé Kútọnu rí láyé mi, àlọ àti àbọ̀ lásán ni mo mọ̀ níbẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀, mo máa ń bá wọn jiyàn. Mo á ní, "Kétu ni mo ti wá o." Wọ́n á ní, "Kétu ti Èkó?" Mo á ní rárá, Kétu gangan, Kétu aládé. Wọ́n á mi orí bí ẹni tó gbọ́, wọ́n á sì tún ní, "Kútọnu, wá dì mí nírun." Nígbà tó yá, mo fi sílẹ̀. Orúkọ tí ènìyàn kò bá lè bọ́, kó kúkú máa jẹ́ ẹ.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé Yorùbá tiwọn ṣòro fún mi ju bí mo ṣe rò lọ. Kì í ṣe pé ó jìn. Òyìnbó ló kún inú rẹ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún á sọ gbólóhùn kan, ìdajì rẹ̀ á jẹ́ ti Lọ́ńdọ̀nù. Tèmi náà sì rèé, Faransé ló wà nínú tèmi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin kan pé "mẹ̀sí", ó ní òun kọ́ ni Mẹ́sí. Mo ní kí wọ́n bá mi dá zẹ́mì dúró, wọ́n bi mí bóyá oúnjẹ ni. Ọ̀kadà ni mò ń wí. Ọ̀rọ̀ Yorùbá gidi kò dí wa lọ́wọ́ rárá. Ibi tí kálukú ti lọ yá ọ̀rọ̀ ni kò jẹ́ kí a gbọ́ra wa. Èyí máa ń pa mí lẹ́rìn-ín báyìí, ṣùgbọ́n nígbà náà, mo máa ń lọ sùn láì tíì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ dé ìdí.

Irun ni mo ń dì. Ìyá mi ló fi iṣẹ́ náà lé mi lọ́wọ́, ìyá tirẹ̀ ló sì fi lé e lọ́wọ́. Ẹni tó gbà mí síṣẹ́ ni Màmá Ìbùkún, tó ní ṣọ́ọ̀bù ìṣerun ní Àgbowó, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ti ń wọ́ wá bí èèrà. Ọmọ Èkìtì ni wọ́n, wọ́n ga, ohùn wọn ń dún, wọ́n sì jẹ́ ìyá àdúrà nínú ìjọ aláṣọ funfun kan ní Bódìjà. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọlé, wọ́n gbé orí wíìgì kan sí iwájú mi pé kí n dì í. Mo dì í. Wọ́n yí i síhìn-ín, wọ́n yí i sọ́hùn-ún, wọ́n ní, "Ta ló kọ́ ẹ?" Mo ní ìyá mi ni. Wọ́n ní, "Kú iṣẹ́ o, ìyá ẹ ò fi ìkankan pamọ́ fún ẹ." Wọ́n fún mi ní yàrá kan lẹ́yìn ilé wọn ní Bódìjà, láì tíì mọ̀ bóyá olè ni mí tàbí olóòótọ́.

Ojú mi kò rẹwà ju ti ẹlòmíì lọ, àmọ́ ohun kan wà níbẹ̀ tí kò sí lójú àwọn ẹgbẹ́ mi. Mo ní irùngbọ̀n. Kì í ṣe yẹbẹyẹbẹ, irun dúdú líle ni, ó bẹ̀rẹ̀ láti àgbọ̀n dé abẹ́ etí. Nílé wa, wọ́n ní owó ni. Ní Ìbàdàn náà, wọ́n ní owó ni. Àwọn oníbàárà á ní, "Àǹtí Kútọnu, ẹ má fá a o, olówó ọ̀la ni yín." Màmá Ìbùkún pàápàá gbàdúrà sí i. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Bí mo bá ń ka owó iṣẹ́ mi tí kò tó nǹkan, mo á fọwọ́ pa àgbọ̀n mi, mo á ní, "Irùngbọ̀n yìí, ìwọ lò ń pẹ́ o."

Nǹkan oṣù mi sì tún wà níbẹ̀. Ó máa ń wá bí àlejò tí kò ránṣẹ́ ṣíwájú. Ó lè wá lónìí, kó má tún yọjú títí òjò ọdún náà á fi parí. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, mi ò sì bínú sí i. Ẹni tó ń dúró dìrun láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tí nǹkan oṣù kò sì dà á láàmú, àbí kò yẹ kó dúpẹ́?

Àwọn ọjọ́ Àìkú ló le jù fún mi. Ṣọ́ọ̀bù á wà ní títì, Màmá Ìbùkún á wà ní ìjọ, Bódìjà á dákẹ́, ilé olódi gbogbo á ti géètì wọn. Nígbà náà ni mo máa ń pe ìyá mi. A á sọ̀rọ̀ àwọn tó bímọ àti àwọn tó ṣaláìsí, a á sọ ti àgbàdo àti ti òjò. Mo á ní ara mi le. Òun náà á ní ara òun le. Lẹ́yìn tí a bá ti gbé fóònù sílẹ̀, mo máa ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀, ilé á sì máa fà mí lọ́kàn gan-an.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí èmi àti ìyá mi kì í sọ. Ìyẹn ni ọ̀rọ̀ bàbá mi. Alágbára ọkùnrin ni bàbá mi. Kùkùté ló gún un lẹ́sẹ̀ lóko, ojú egbò kékeré kan, a sì fi ewé sí i. Egbò náà kò jinná. Nígbà tí a ó fi gbé e dé ilé ìwòsàn tí wọ́n sọ fún wa pé àtọ̀gbẹ ni, pé ṣúgà ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ẹsẹ̀ ti jẹrà. Wọ́n gé e. Ìyá mi ló ń wẹ̀ ẹ́, tó ń gbé e, tó ń pààrọ̀ báńdéèjì, títí tó fi kú. Láti ìgbà náà, a kì í dárúkọ àìsàn náà nínú ilé wa, bí ẹni pé tí a bá pè é, ó lè jẹ́.

Ibi irun dídì náà ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Dókítà Bísọ́lá, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó máa ń wá ṣe bírédì wẹ́wẹ́ lọ́dọ̀ mi, jókòó síwájú mi lọ́jọ́ kan láti òwúrọ̀. Òòyà bọ́ lọ́wọ́ mi, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú un. Nígbà tí mo dìde, mo rí i nínú dígí pé ó ń wò mí.

"Àǹtí Kútọnu, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú o. Ọrùn yín..."

"Mo ń fọ̀ ọ́ o!" Mi ò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Ọrùn mi dúdú lẹ́yìn bí ìdí ìkòkò, ó nípọn, gbogbo ènìyàn sì rò pé ọ̀bùn ni mí. Kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bó mi láwọ tán.

"Mo mọ̀ pé ẹ̀ ń fọ̀ ọ́. Kì í ṣe ìdọ̀tí. Nǹkan oṣù yín ńkọ́, ṣé ó máa ń wá déédé?"

"Ó máa ń wá bó bá ṣe wù ú."

Màmá Ìbùkún gbójú sókè láti ibi tí wọ́n ti ń fọ irun ẹnìkan. "Kí ló kan nǹkan oṣù nínú bírédì?"

Dókítà Bísọ́lá rọra ṣàlàyé. Ó ní òun ò tíì lè sọ ọ́ dájú, ṣùgbọ́n irùngbọ̀n, ọrùn dúdú àti nǹkan oṣù tí kì í wá déédé, bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pàdé lára obìnrin, ohun tí wọ́n ń pè ní PCOS ni òun á kọ́kọ́ fura sí. Ẹyin wà níbi tó yẹ kó wà, ṣùgbọ́n kì í gbó jáde lásìkò, ara sì ń pèsè èròjà tó yẹ kó pọ̀ lára ọkùnrin. Ó ní ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń gbé e kiri tí wọn ò mọ̀.

"Irùngbọ̀n owó ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí," Màmá Ìbùkún wí.

"Màmá, èmi náà fẹ́ owó o. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn ná. Àwọn tó ní in máa ń tètè ní àtọ̀gbẹ, bí wọn ò bá máa yẹ ara wọn wò."

Ọwọ́ mi dúró nínú irun rẹ̀. Ó bi mí bóyá ẹnìkan wà nínú ẹbí wa tó ní irú àìsàn bẹ́ẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi mí léèrè bàbá mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un níbẹ̀, bírédì kan lọ́wọ́ mi tí mi ò tíì dì tán.

Ilé ìwòsàn tó júwe fún mi wà ní Bódìjà, kò jìnnà sí ilé wa. Wọ́n fi ẹ̀rọ wo inú mi, wọ́n ní òótọ́ ni, PCOS ni. Wọ́n wá ní kí n padà wá fún àyẹ̀wò ṣúgà. Nọ́ọ̀sì náà sọ̀rọ̀ ní èdè tó rò pé yóò tètè yé mi. Ó ní, "Ẹ má jẹ nǹkan kan láti alẹ́. Ẹ gbààwẹ̀ wá."

Mo délé, mo sọ fún Màmá Ìbùkún pé wọ́n ní kí n gbààwẹ̀. Ojú wọn tàn. Àìsàn ni ọ̀rọ̀ tí mo ti ń mú wá láti ọjọ́ yìí, wọn ò mọ ọ̀nà tí wọ́n á gbé e gbà. Àmọ́ àwẹ̀ ńkọ́? Ilé àwẹ̀ ni wọ́n ń gbé. "Ààwẹ̀? O ò kúkú tètè sọ! Fi èyí sílẹ̀ fún mi."

Nídàájí ọjọ́ náà, wọ́n kan ilẹ̀kùn yàrá mi pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn wọn. A gbàdúrà, wọ́n sì gbà á dáadáa, wọ́n dárúkọ gbogbo ẹ̀yà ara mi títí kan èyí tí mi ò mọ̀ pé mo ní. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbé ife kan fún mi. Oyin ni wọ́n pò mọ́ omi.

"Ṣé kò ní ba àwẹ̀ jẹ́?" mo bi wọ́n.

"Oyin? Oyin kì í ṣe oúnjẹ, ọmọ mi. Àdúrà ni. Oyin la fi ń mú ara àwẹ̀ dúró lọ́dọ̀ tiwa."

Àgùdà ni èmi. Omi kì í ba àwẹ̀ jẹ́ lọ́dọ̀ tiwa, nítorí náà mi ò rí ohun tí mo lè bá wọn jà sí. Mo mu ún tán. Ó dùn. Wọ́n bu òmíràn, mo mu ìyẹn náà, a sì jọ gbéra.

Nígbà tí èsì jáde, dókítà ilé ìwòsàn náà wò ó pẹ́. Ó ní ó ga. Ó ní ó ga dé ibi tí wọ́n ti ń pè é ní àtọ̀gbẹ, ṣùgbọ́n àwọn kì í fi ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo dájọ́, kí n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ kí àwọn tún un ṣe. Gbogbo ohun tó sọ lẹ́yìn "ó ga" kò wọ etí mi.

Ẹ̀rù bà mí lọ́sẹ̀ náà, mi ò ní fi bò. Mo máa ń bọ́ bàtà nínú ṣọ́ọ̀bù, mo á máa wo àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi bí ẹni tó sọ owó nù. Ikú gan-an kọ́ ni mò ń bẹ̀rù. Ilé ni. Ìbàdàn ti ń mọ́ mi lára nígbà náà. Mo ní oníbàárà tó ń ti Mọ́níyà wá torí ọwọ́ mi nìkan, mo ní yàrá, mo ní àwọn tó ń bi mí bóyá mo ti jẹun. Bí mo bá di aláìsàn, ìyá mi á ní kí n máa bọ̀, n ó sì lọ, ìyá mi á tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbé omi gbígbóná àti báńdéèjì kiri ilé, èmi ni n ó wà lórí ẹní bàbá mi. Mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀ rárá. Lọ́jọ́ Àìkú, nígbà tí mo pè é, ó ní, "Ṣé ara ẹ le?" Mo ní ó le. Òun náà ní tòun le.

Kí ọjọ́ àyẹ̀wò kejì tó pé, Dókítà Bísọ́lá wá tú irun rẹ̀. Mo sọ èsì náà fún un bí mo ṣe ń tú u.

"Ẹ ò jẹ nǹkan kan láti alẹ́?"

"Nǹkan kan ò kàn mí lẹ́nu."

"Ẹ ò mu tíì? Ẹ ò mu mínírà?"

"Rárá o. Omi oyin nìkan ni."

Ó yí orí rẹ̀ padà tòun ti òòyà tó wà nínú rẹ̀. "Oyin wo?"

Màmá Ìbùkún ló dáhùn láti ẹ̀yìn, tìgboyà-tìgboyà. "Oyin tí mo gbàdúrà sí. Ife méjì ni mo fún un."

Dókítà Bísọ́lá fọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ti já. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi ò mọ bóyá kí n bá a rẹ́rìn-ín tàbí kí n bú sẹ́kún, mo bá ṣe méjèèjì. Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, ó ní, "Màmá, àdúrà yín gbà o, ó wọ inú ẹ̀jẹ̀ wọn lójú ẹsẹ̀."

Màmá Ìbùkún jókòó gbì. "Yéè! Èmi ni mo fẹ́ sọ ọmọ ọlọ́mọ di alátọ̀gbẹ?" Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí. Mo kúnlẹ̀, mo ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má bẹ̀ mí. Àwọn oníbàárà ní ìjà tó ń lọ nínú ṣọ́ọ̀bù yìí, àwọn ò rí irú rẹ̀ rí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n wá di ọlọ́pàá mi. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣíwájú àyẹ̀wò kejì, wọ́n gbé oyin, ṣúgà, mílíìkì àti gbogbo ohun tó ní adùn lọ sínú yàrá wọn, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Àwọn náà ò jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Wọ́n ní bí ọmọ bá ń gbààwẹ̀, ìyá kì í máa jẹran lójú rẹ̀. Nílé ìwòsàn, kí n tó la ẹnu, wọ́n ti sọ fún nọ́ọ̀sì náà pé, "Omi lásán pàápàá ò kàn án lẹ́nu, mo fi Ọlọ́run bura."

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n wá gbé ife omi ṣúgà kan fún mi pé kí n mu ún tán. Mo fẹ́ràn mínírà o, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń rà á fún mi bí mo bá dìrun wọn dáadáa. Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe adùn, ìyà ni. Ó ki, ó ń lẹ̀ mọ́ ètè, eyín mi ń ta mí. Nọ́ọ̀sì ní kí n jókòó jẹ́ẹ́ fún wákàtí méjì, kí n má rìn kiri, kí n má jẹ nǹkan kan, àwọn fẹ́ wo bí ara mi ṣe máa ṣe ṣúgà yẹn sí.

Wákàtí méjì náà ni mo kọ́kọ́ bá Màmá Ìbùkún jókòó láìsí orí ènìyàn láàárín wa. Wọ́n sọ fún mi bí wọ́n ṣe dé Ìbàdàn láti Èkìtì, ìyàwó tuntun, tí ẹ̀rín máa ń pa àwọn ará ilé ọkọ wọn bí wọ́n bá ti la ẹnu. Wọ́n ní ó tó ọdún bíi mélòó kan kí wọ́n tó lè bú ènìyàn lọ́jà kí ẹni náà má rẹ́rìn-ín. "Ọjọ́ tí mo bú obìnrin kan ní Àpáta, tó sì bínú dénú, mo délé, mo dúpẹ́. Mo mọ̀ pé mo ti wọlé." Mo rẹ́rìn-ín débi pé nọ́ọ̀sì ní kí n rọra.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ náà lọ, rò ó bọ̀. Mo rò tẹ́lẹ̀ pé ìlú ni ó máa gbà mí lọ́jọ́ kan, bí ìgbà tí wọ́n bá ṣí géètì. Ìlú kì í gba ẹnikẹ́ni. Ènìyàn kan ló máa gbà ọ́, lẹ́yìn náà ẹlòmíì. Ẹni tó tẹ̀ lé ọ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, tó sì gbààwẹ̀ ti ara rẹ̀ kún un nítorí pé ojú rẹ ń tì í, ìyẹn ti gbà ọ́. Mi ò nílò kí gbogbo Ìbàdàn tún gbà mí mọ́.

Èsì kejì kò ga dé ibi àtọ̀gbẹ. Kò sì wà nílẹ̀ dáadáa. Ó wà láàárín. Dókítà ní ara mi kò fetí sí ínsúlíìnì mọ́ bó ṣe yẹ, òun sì ló yẹ kó máa kó ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọ inú ara. Ó ní, "Bí ẹ bá pe ọmọ tí kò dáhùn, kí lẹ máa ṣe?"

"Màá pariwo sí i."

"Ohun tí ara yín ń ṣe nìyẹn. Ó ń pe, wọn ò dáhùn, ó wá ń pariwo, ó ń tú ínsúlíìnì jáde bí omi. Ariwo yẹn ló ń yọ ilé ẹyin yín lẹ́nu, òun ló mú irùngbọ̀n wá, òun ló mú ọrùn dúdú wá. Bó bá rẹ̀ ẹ́, tí kò lè pariwo mọ́, àtọ̀gbẹ nìyẹn. Kò tíì rẹ̀ ẹ́. Ẹ tètè dé."

Ẹ tètè dé. Mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ tó dùn tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé. Ó fún mi ní oògùn, ó ní kí n máa rìn, kí n dín oúnjẹ onísítáàṣì kù, kí n jẹ́ kí ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà pọ̀ sí i, kí n sì máa wá fún àyẹ̀wò lọ́dọọdún. Mo bi í nípa ọmọ, ohùn mi kéré. Ó ní ọ̀pọ̀ obìnrin bíi tèmi ló ń bímọ, nígbà tí mo bá ti ṣe tán, kí n wá bá òun.

Ìgbésí ayé mi kò yí padà lọ́nà ìyanu. Mo ń fẹsẹ̀ rìn láti Bódìjà lọ sí Àgbowó láràárọ̀, àwọn ọlọ́kadà tó mọ̀ mí sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé Kútọnu ti di ahun. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ ra mínírà fún mi, Màmá Ìbùkún á ti ké láti ẹ̀yìn pé, "Omi ni kó o rà!" Irùngbọ̀n wà níbẹ̀ síbẹ̀, ṣùgbọ́n mo ń fá a báyìí, ẹni tó bá fẹ́ owó kó lọ ṣiṣẹ́. Ọrùn mi ń mọ́ díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ kan, nínú ṣọ́ọ̀bù, nǹkan oṣù mi dé, ó sì bá ti oṣù tó ṣíwájú mu. Mo pariwo. Màmá Ìbùkún bi mí ohun tó dé, mo sọ ọ́ sí wọn létí, àfi bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jó láàárín àwọn oníbàárà. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń kí mi kú oríire, wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń kí mi fún.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e ni mo sọ fún ìyá mi. Mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ti oyin àti ti omi ṣúgà. Mo dárúkọ àtọ̀gbẹ, orúkọ tí a kì í pè. Mo ní kò tíì mú mi, pé mo tètè dé. Mo dúró kó ké, tàbí kó ní kí n kó ẹrù mi. Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ.

"Màmá? Ṣé ẹ̀ ń gbọ́ mi?"

"Òùngbẹ ń gbẹ mí," ìyá mi wí.

"Ẹ lọ mu omi, màá dúró."

"Rárá. Òùngbẹ ń gbẹ mí láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Mo ń mu ìkòkò omi tán, mo ń dìde tọ̀ títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ fún bàbá ẹ náà nìyẹn. Mi ò lè sọ fún ẹ." Ó wá sọ̀rọ̀ bí ọmọdé. "Àwọn tó wò ẹ́ yẹn, ṣé wọ́n lè wò mí?"

Ó dé Ìbàdàn pẹ̀lú ẹran ewúrẹ́ gbígbẹ àti gàrí fún ọ̀gá mi. Òun àti Màmá Ìbùkún kúnlẹ̀ fún ara wọn, kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ dìde, títí mo fi fa àwọn méjèèjì sókè. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láìjẹun, kò sì sẹ́ni tó gbé oyin súnmọ́ ọn. Ó ga. Wọ́n tún un ṣe lọ́jọ́ mìíràn, ó tún ga. Àtọ̀gbẹ ni, kò sí àní-àní níbẹ̀.

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Dókítà ní kó gbé ẹsẹ̀ sókè, ó wò ó láti ìgìgìsẹ̀ dé ọmọ ìka, ó fi ohun kékeré kan tẹ̀ ẹ́ níhìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún, ó ń bi í bóyá ó mọ̀ ọ́n lára. Gbogbo ibi tó tẹ̀ ni ìyá mi ń dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Dókítà ní kò sí egbò, ẹsẹ̀ náà ṣì ń mọ ìfọwọ́kàn dáadáa, oògùn wà, oúnjẹ wà tó lè jẹ. Ohun kan péré ló kìlọ̀ gidigidi, pé kó má ṣe fi ẹsẹ̀ lásán rìn mọ́, nínú ilé tàbí lóko.

"Ẹsẹ̀ méjèèjì ló dáa?" ìyá mi bi í.

"Méjèèjì, Màmá."

Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọn fún. Ó fi etí ìró nu ojú. Lẹ́yìn náà, ó yíjú sí mi, ó ní, "Níbo ni wọ́n ti ń ta bàtà nílùú yín yìí?"

Mo mú un lọ sí Dùgbẹ̀. Ó wọ èyí, ó bọ́ ọ, ó wọ tọ̀hún, ó ń rìn lọ rìn bọ̀ níwájú oníbàtà, ó ń fi ohùn Kétu nájà láì bìkítà ẹni tó ń rẹ́rìn-ín. Èyí tó wù ú gbẹ̀yìn jẹ́ aláwọ̀ pupa, ó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa, ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn. Ó ní kí wọ́n di sálúbàtà àtijọ́ sínú ọ̀rá fún òun, ó wọ tuntun náà kúrò níbẹ̀, ó sì ṣíwájú mi bọ́ sí títì.